ÈÉMÍ TÍ KÒ JÁDE TÁN: Bí Àwọn Oníṣègùn Ṣe Ń Mọ Àrùn Ìdínà Èémí Lóde Òní

Ọ̀rọ̀ èémí ni a fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé ọdún yìí. Ohun tó mú wa kọ ọ́ kò jìnnà sí wa rárá. Ìyá tó ń dáná fún àwọn ọmọ wa ni ó jẹ́ kí á wá ìmọ̀ yìí lọ.

Kò sí ẹni tó ti jẹun nínú ọgbà wa tí kò mọ Ìyá Alásè. Ó ti lé ní ogún ọdún tí ìyá yìí ti ń fi igi dáná lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, lábẹ́ páànù tí èéfín ti sọ di dúdú. Kò fẹnu kan sìgá rí láyé rẹ̀. Síbẹ̀, ikọ́ kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ máa tu. Nígbà tó yá, kò lè gbé garawa omi láti ìdí kànga dé ìdí ààrò mọ́ láì dúró lẹ́ẹ̀mejì sinmi. A ní ọjọ́ orí ni. Òun náà ní ọjọ́ orí ni.

Ilé ìwòsàn tó kọ́kọ́ lọ fún un ní oògùn ikọ́ inú ìgò. Èkejì ní kí ó tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sínú ike, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ikọ́ ife tí wọ́n ń pè ní TB ni, wọn kò bá a níbẹ̀. Wọ́n ya fọ́tò àyà rẹ̀, wọ́n ní àyà mọ́, kí ó máa lọ sílé kí ó lọ sinmi. Ọdún méjì gbáko ni ó fi ń lọ tó fi ń bọ̀ báyìí. Ibi kẹta ni wọ́n ti gbé ẹ̀rọ kékeré kan síwájú rẹ̀, tí wọ́n ní kí ó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Kò tó wákàtí kan tí wọ́n fi mọ ohun tó ń ṣe é.

Báwo ni ó ṣe jẹ́ tí fífẹ́ atẹ́gùn lásán fi rí ohun tí fọ́tò kò rí? Ìbéèrè yìí ni a gbé tọ àwọn tó mọ̀ lọ, tí a sì tún ka ìwé lé lórí, kí á tó jókòó kọ èyí.

KÍ NI ÀRÙN NÁÀ?

Létà mẹ́rin ni àwọn oníṣègùn fi ń pè é: COPD. Ní èdè wa, a lè pè é ní àrùn ìdínà èémí ọlọ́jọ́ pípẹ́. Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo igi tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Ọ̀nà ọ̀fun ni ìtí rẹ̀. Ìtí yìí pín sí ẹ̀ka méjì, ẹ̀ka tún ń yọ ẹ̀ka, wọ́n ń tín-ín-rín sí i, títí a ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn àpò wẹẹrẹ tí wọ́n dà bí ewé lórí igi náà. Inú àpò wọ̀nyí ni atẹ́gùn ti ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀.

Bí èéfín bá ti ń wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ dé ọjọ́, lọ́dún dé ọdún, ohun méjì ni yóò ṣe. Ara àwọn ẹ̀ka náà yóò wú sínú, ikun yóò sì dí wọn. Lọ́wọ́ kejì, ògiri àwọn àpò wẹẹrẹ yóò máa ya, bẹ́ẹ̀ ògiri wọ̀nyí ló ń fa àwọn ẹ̀ka tín-ín-rín náà tí wọn kò fi pa dé. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé kì í ṣe àtifa èémí sínú ló nira jù fún aláìsàn yìí, bí kò ṣe àtitú u jáde. Èémí àkọ́kọ́ kò tíì jáde tán tí èkejì ti fẹ́ wọlé. Àyà yóò kún, yóò le, ẹni náà yóò sì máa mí gúlegúle bí ẹni tó sáré, nígbà tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ mẹ́wàá péré ni ó rìn.

Àrùn yìí kì í ṣe kékeré. Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á sí ìkẹrin nínú ohun tó ń pa ènìyàn jù láyé ní 2021, ènìyàn bíi mílíọ̀nù 3.5 ni ó sì pa lọ́dún náà. Nínú àwọn tó ń kú nípa rẹ̀ láì tíì pé 70 ọdún, nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 ló ń gbé ní àwọn ìlú tí owó kò ti pọ̀. Sìgá ni gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ ọn, ẹ̀rù rẹ̀ sì tó bà wá. Ṣùgbọ́n láti 2023 ni àjọ àwọn onímọ̀ tí wọ́n ń pè ní GOLD, tí ìwé ìlànà rẹ̀ ni oníṣègùn ń tẹ̀lé káàkiri ayé, ti fi orúkọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sí àwọn oríṣi tí kì í ṣe ti sìgá: ti èéfín igi àti èédú, ti àrùn tó ti ba àyà jẹ́ tẹ́lẹ̀ irú bí ikọ́ ife, ti ásímà, ti ọmọ tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò gbó tó nígbà tí a bí i, àti ti àbímọ́ni. Ẹni tí a wo ikọ́ ife rẹ̀ sàn lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, tí èémí rẹ̀ kò sì padà bọ̀ sípò, ọ̀rọ̀ yìí kàn án.

ÀWỌN TÓ KỌ́KỌ́ WỌN ÈÉMÍ

Etí ni oníṣègùn fi ń mọ àrùn àyà láyé àtijọ́. Ní 1816, dókítà ará Faransé kan, René Laennec, ká bébà róbótó, ó gbé e lé àyà aláìsàn, ó sì gbọ́ ohun tó ń lọ nínú rẹ̀ ketekete. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ tí dókítà ń fi kọ́rùn lónìí ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n etí kò lè sọ iye. Ní 1846 ni John Hutchinson ní London ṣàlàyé ẹ̀rọ tó ń wọn èémí, tí à ń pè ní spirometer títí di òní. Ohun èlò kan ni, bí agolo ńlá tí a dojú rẹ̀ dé inú omi. Bí ènìyàn bá ti ń fẹ́ atẹ́gùn sábẹ́ rẹ̀, yóò máa gòkè. Bí ó ṣe gòkè tó ni èémí ẹni náà ṣe pọ̀ tó. Ó lé ní 2,000 ènìyàn tí Hutchinson fi ẹ̀rọ yìí wọ̀n.

Ohun tí kò wọ̀n ni àkókò. Ọgọ́rùn-ún ọdún kọjá kí Tiffeneau àti Pinelli ní ilẹ̀ Faransé tó fi hàn ní 1947 pé iye tó jáde ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́ ni kí á máa wò, kí á sì fi wé gbogbo èyí tó jáde.

Ẹ̀yin ọmọ wa tó fẹ́ràn ìṣirò, ẹ gbọ́ bí ó ṣe rí. Ẹni tí ara rẹ̀ le fa èémí kún àyà, ó sì fi agbára fẹ́ ẹ jáde. Kí á sọ pé lítà 3 ni gbogbo rẹ̀, tí lítà 2.4 nínú rẹ̀ sì jáde ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́. Ẹ fi 3 pín 2.4, 0.80 ni. Ó dára. Ti Ìyá Alásè, lítà 2 ni gbogbo rẹ̀, lítà 1.1 péré ló sì jáde lákọ̀ọ́kọ́: 0.55. Wọ́n fún un ní oògùn salbutamol fà símú, ìwọ̀n 400 máíkúrógírámù, wọ́n ní kí ó jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó tún fẹ́ ẹ: lítà 1.16, èyí tí í ṣe 0.58. Ààlà tí GOLD pa ni 0.70. Ẹni tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn tó ti lo oògùn, tí ikọ́ tàbí àìlèmí-dáadáa sì ń dà á láàmú, tí ó sì ti ń fa èéfín tàbí eruku fún ọjọ́ pípẹ́, àrùn yìí ni wọn yóò sọ pé ó wà lára rẹ̀. Oògùn náà ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti ya ásímà sọ́tọ̀, nítorí pé ọ̀nà èémí alásímà sábà máa ń ṣí gan-an bí ó bá ti fà á.

Ìyípadà kan dé bá èyí láìpẹ́. Ní 2025, GOLD gbà pé bí ẹni kan bá ti fẹ́ ẹ̀rọ láìtíì lo oògùn, tí ìṣirò rẹ̀ sì pé 0.70 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a lè sọ fún ọ̀pọ̀ wọn pé àrùn yìí kọ́, kí wọ́n máa lọ. Àwọn tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ ni yóò dúró de oògùn àti fífẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ó dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n níbi tí nọ́ọ̀sì kan ti ń dá ogójì aláìsàn lóhùn láàárọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kì í ṣe kékeré.

Àwọn kan ń bá ààlà 0.70 yìí jà, a kò sì lè dá wọn lẹ́bi. Bí ènìyàn bá ti ń dàgbà, ìṣirò yìí máa ń lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ láìsí àrùn kankan, nítorí náà ó lè pe àgbàlagbà tí kò ṣàìsàn ní aláìsàn, kí ó sì fo ọ̀dọ́ tí àrùn ti ń mú bọ̀ dá. Bí ìṣirò náà bá bọ́ sáàárín 0.60 àti 0.80, ìmọ̀ràn ni pé kí a tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn kí a tó gbà á gbọ́.

Àwa tí à ń kọ́ ọmọ ní kíké Kùránì mọ bí èémí ṣe ń gùn tó lára ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ládánì tó ti ń fi èémí kan fa ìpè ìrun láti ọdún pípẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí já a sí méjì, kí á má tètè sọ pé ohùn rẹ̀ ló gbó.

OHUN TÍ FỌ́TÒ ÀYÀ KÒ RÍ

Fọ́tò àyà wúlò. Òun ló ń jẹ́ kí á rí ikọ́ ife, omi inú àyà, ọkàn tó wú, tàbí kókó tí kò dára. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀ka tín-ín-rín tí àrùn yìí ti ń bẹ̀rẹ̀, tí ihò wọn kò tó mìlímítà 2, fọ́tò lásán kò lè rí wọn. Àwọn onímọ̀ tó ṣe ìwádìí ẹ̀dọ̀fóró tí a yọ lára ènìyàn sọ ní 2011 pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀ka wọ̀nyí ti parẹ́ pátápátá kí àwọn àpò wẹẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Èyí túmọ̀ sí pé ìbàjẹ́ ti pọ̀ nínú ilé kí ẹnikẹ́ni tó gbúròó rẹ̀ níta.

Ẹ̀rọ CT, tó ń ya àyà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni gé búrẹ́dì, ló ń jẹ́ kí wọ́n súnmọ́ ọn. Ní 2012, àwọn olùwádìí ní yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà gbé ọgbọ́n kan jáde: wọn yóò ya àyà nígbà tí aláìsàn fa èémí kún, wọn yóò tún yà á nígbà tó ti tú u jáde, kọ̀ǹpútà yóò sì fi ọ̀kan lé èkejì. Ibi tí èémí bá há sí, tí àpò ibẹ̀ kò sì tíì bàjẹ́, ẹ̀ka tín-ín-rín ló ń ṣàìsàn níbẹ̀. Ibi tí àpò ti ya yóò fara hàn lọ́tọ̀. Nípa báyìí, ẹni méjì tí ìṣirò wọn lórí spirometer jẹ́ ọ̀kan náà lè ní àrùn tí kò jọra nínú àyà. Iṣẹ́ ribiribi ni, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀, ìtànṣán rẹ̀ kì í sì í ṣe ohun tí a ń fi ṣeré, nítorí náà kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń húkọ́ ni a ó máa tì sínú rẹ̀.

Ti ẹni tí kò lè fẹ́ atẹ́gùn pẹ̀lú agbára ńkọ́? Àwọn àgbà tí eyín ti tán lẹ́nu wọn, tàbí ẹni tí àṣẹ nọ́ọ̀sì kò yé? Ọgbọ́n kan wà tí a ti mọ ìpìlẹ̀ rẹ̀ láti 1956, tí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kéré tó èyí tí a lè gbé dání. Oscillometry ni wọ́n ń pè é. Aláìsàn yóò kàn máa mí jẹ́jẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ẹ̀rọ yóò sì máa rán ìgbì atẹ́gùn wẹẹrẹ wọlé, yóò sì máa wò ó bí ọ̀nà ṣe ń dènà ìgbì náà tó. Ó máa ń gbọ́ ìròyìn àwọn ẹ̀ka tín-ín-rín ju spirometer lọ. Ṣùgbọ́n a kò tíì fi òun nìkan pe àrùn yìí lórúkọ; ẹlẹ́rìí kejì ni.

Kọ̀ǹpútà tó ń kọ́ ọgbọ́n fúnra rẹ̀ náà ti wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní Yúróòpù ní 2019, wọ́n kó àbájáde àyẹ̀wò èémí ti aláìsàn 50 fún àwọn dókítà àyà 120 láti ilé ìwòsàn 16, wọ́n sì kó o fún kọ̀ǹpútà pẹ̀lú. Àwọn dókítà mọ orúkọ àrùn náà ní ìdá 45 nínú 100, kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n ní ìdá 82. A kò sọ èyí láti fi tàbùkù dókítà. Àwọn dókítà wọ̀nyẹn kò rí ojú aláìsàn tó bí wọ́n ti máa ń rí i, wọn kò fọwọ́ kan àyà rẹ̀. Ìwé ni wọ́n kà.

NÍBI TÍ ẸRỌ KÒ SÍ

Ọ̀pọ̀ nínú yín yóò ti máa bi wá léèrè pé, níbo ni spirometer wà lágbègbè wa? Ìbéèrè tó tọ́ ni. Ní 2022, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Nepal, Peru àti Uganda jáde. Àwọn àgbàlagbà 10,709 ni wọ́n wò. Wọ́n bi wọ́n ní ìbéèrè díẹ̀ nípa ikọ́, èéfín àti mímí, wọ́n ní kí àwọn kan nínú wọn tún fẹ́ ẹ̀rọ ike pẹlẹbẹ olówó pọ́ọ́kú tó ń wọn bí èémí ṣe ń yára jáde tó, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fi spirometer dán gbogbo rẹ̀ wò. Àwọn ìbéèrè náà ṣe dáadáa láti mọ ẹni tó yẹ kí a rán lọ sí iwájú. Èyí tó bà wá lẹ́rù jù níbẹ̀ ni pé nínú gbogbo ẹni tí wọ́n bá àrùn yìí lára rẹ̀, ìdá 95 nínú 100 ni kò mọ̀ rí. Ní ilẹ̀ wa náà, Ilé-Ifẹ̀ wà lára àwọn ìlú tí ètò ìwádìí BOLD ti fi spirometer wọn èémí àwọn tó ti pé 40 ọdún sókè.

Àwọn ìbéèrè náà kò le. Ṣé ikọ́ ń yọ ọ́ lẹ́nu lọ́pọ̀ ọjọ́ nínú oṣù? Ṣé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ń jáde? Ṣé èémí rẹ ń kúrú ju ti ẹgbẹ́ rẹ lọ bí ẹ bá jọ ń gun òkè? Ọdún mélòó ni o ti fi igi dáná tàbí tí o ti fi mu sìgá? Ọmọ ilé-kéwú lè bi ìyá àgbà rẹ̀ ní gbogbo èyí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

ẸRỌ TÓ Ń BÉÈRÈ ÌRAN ẸNI

Ibi tí a dé yìí gbẹgẹ́, a sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀. Nígbà tí Ìyá Alásè fẹ́ fẹ́ ẹ̀rọ, nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ tẹ ọjọ́ orí rẹ̀ sí i, ó tẹ gíga rẹ̀, ó tẹ obìnrin. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ náà béèrè ìran rẹ̀. Ẹnu yà wá. Kí ni ìran ènìyàn ń wá nínú èémí?

Ìtàn rẹ̀ ti pẹ́. Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí wọ́n ṣì ń kó ènìyàn dúdú lẹ́rú ní gúúsù Amẹ́ríkà, dókítà kan tó ń gbèjà ìkónilẹ́rú, Samuel Cartwright, lo spirometer, ó sì sọ pé èémí àwọn ẹrú kéré ju ti aláwọ̀ funfun lọ. Ní 1869, Benjamin Gould kó iye èémí àwọn sójà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà jọ, ó sì pín in ní dúdú àti funfun. Kò ro ebi, kò ro ìyà, kò ro èéfín. Láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ṣe wọ inú ẹ̀rọ òde òní, tó fi jẹ́ pé nígbà tí wọ́n bá tẹ dúdú, ẹ̀rọ yóò gé nǹkan bí ìdá 10 sí 15 nínú 100 kúrò nínú èyí tó ń retí.

Ẹ wo ohun tó ń ṣe. Kí á sọ pé lítà 2.2 ni a ń retí ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan, tí ó sì fẹ́ lítà 1.1. Ìdajì ni, ìdá 50 nínú 100. Bí a bá gé ìdá 15 kúrò, lítà 1.87 ni a ó máa retí, lítà 1.1 yẹn kan náà yóò sì di nǹkan bí ìdá 59. Kò sí ohun tó yí padà nínú àyà ẹni náà. Orí bébà ni ara rẹ̀ ti yá. Ìṣirò 0.70 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan kò yí padà púpọ̀ nípa èyí, àmọ́ bí a ṣe sọ pé àrùn náà le tó, ta ni yóò gba ìtọ́jú wo, ibẹ̀ ni ó ti ń ṣe ìpalára. Ní 2022 ni wọ́n gbé òṣùwọ̀n tuntun kan jáde fún gbogbo ayé, GLI Global, tí kò béèrè ìran ẹnikẹ́ni, ẹgbẹ́ àwọn dókítà àyà ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì dábàá ní 2023 pé kí wọ́n máa lo òṣùwọ̀n tí kò wo ìran. Ẹ̀rọ tó ti pẹ́ nílé ìwòsàn ṣì lè máa lo ti àtijọ́.

Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń há mọ́ ìka láti fi wo ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ náà ní àléébù tirẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ló ń gba ara ìka kọjá, àwọ̀ ara sì ń dà á láàmú. Ìwádìí tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2020 rí i pé nígbà tí ẹ̀rọ náà bá sọ pé ọ́síjìn wà láàárín 92 àti 96, tí wọ́n wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò gan-an, ìdá 11.7 nínú 100 láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ni tiwọn kò tó 88, nígbà tí ti àwọn aláwọ̀ funfun jẹ́ ìdá 3.6. Bí ìka bá ní dáadáa ni, tí aláìsàn ń ní òun kò lè mí, aláìsàn ni kí ẹ gbọ́.

BÍ Ẹ BÁ FẸ́ LỌ

Ẹni tó bá ń húkọ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, kí ó kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò fún ikọ́ ife. Kò yẹ kí ó fẹ́ ẹ̀rọ tí ẹlòmíràn yóò tún fẹ́ kí wọ́n tó mọ̀. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún, tàbí tí ọkàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá iṣẹ́ sílẹ̀, kí ó sọ fún wọn kí ó tó fẹ́ ẹ. Kí ó má jẹun yó bámúbámú lọ, kí ó má sì wọ aṣọ tó fún un láyà. Bí ó bá ti ń fa oògùn símú tẹ́lẹ̀, kí ó béèrè ìgbà tí yóò dá a dúró ṣáájú àyẹ̀wò. Bí wọ́n bá ní kí ó fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó má bínú. Èyí tó bá dára jù ni wọn yóò mú. Kí ó sì béèrè bóyá ẹ̀rọ náà ń lo òṣùwọ̀n ìran tàbí ti gbogbo ayé. Kì í ṣe àfojúdi.

Ìyá Alásè ti ń lo oògùn tí à ń fà símú báyìí, láàárọ̀ àti lálẹ́. Àpò tó ti ya nínú àyà rẹ̀ kò ní tún padà, wọ́n sọ èyí fún un láì fi bò, ó sì gbọ́ ọ. Ìgbìmọ̀ àwọn òbí ra ààrò gáàsì méjì, wọ́n wó ògiri kan kúrò lára ilé ìdáná kí atẹ́gùn lè máa gba ibẹ̀. Garawa omi, ọmọ ilé-kéwú ló ń gbé e. Ó ku oṣù méjì kí ó padà lọ fẹ́ ẹ̀rọ náà. Bébà tí wọ́n kọ 1.16 sí wà nínú àpótí rẹ̀, ó ní òun fẹ́ fi wé tuntun.